Fáànù gbá a lẹ́yìn ní Thamesmead: àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ọrùn, orúnkún àti owó gbà-má-bínú

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí a fẹ́ tú palẹ̀ níbí kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. A hun ún pọ̀ láti ara irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ kíà (títọ́jú arúgbó àti aláìlera) ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó máa ń wa mọ́tò láti ilé arúgbó kan bọ́ sí òmíràn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọjọ́ àti ìnáwó arábìnrin tí a ó sọ ìtàn rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ. Òfin àti táríìfù ibẹ̀ (iye owó gbà-má-bínú tí òfin ti là sílẹ̀ fún ìrora ọrùn) kì í ṣe àpẹẹrẹ: òun ni England àti Wales ń lò fún jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ láti 31 Oṣù Karùn-ún 2021 títí dé 30 Oṣù Karùn-ún 2025. Fún jàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ti fi nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 kún owó náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò rẹ̀ kò yí padà. Scotland ní òfin tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹwàá 2023, ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ àárọ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Arábìnrin náà, ẹni ọdún 41, gbé Toyota Yaris rẹ̀ dé ẹnu ráńdábáùtì kan ní Thamesmead, ó dúró kí àwọn tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún kọjá. Ó sún síwájú díẹ̀, ó rí oníkẹ̀kẹ́ kan, ó tún tẹ bíréèkì. Ojú awakọ̀ fáànù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti wà lápá ọ̀tún ní tirẹ̀. Ó rí àyè, ó gbà pé Yaris ti lọ, ó sì gbéra. Irú ìkọlù yìí, àwọn òṣìṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.

Awakọ̀ náà sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ pe ìnṣọ́ránsì, òun á fún un ní £300 kó fi tún bọ́ńpà ṣe. Ẹni tó bá ti wa mọ́tò ní Mushin tàbí ní Ìwó Road mọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń wu èèyàn láti gbà á. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ọrùn kì í tíì sọ̀rọ̀ nírú àkókò yẹn. Ìwé ìnṣọ́ránsì tó pọ̀ jù lọ sì ní kí èèyàn fi jàǹbá tó iléeṣẹ́ náà létí, kódà bí kò bá ní béèrè kọ́bọ̀.

Kò gba £300 náà. Ó ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì kí wọ́n tó sún wọn kúrò lójú ọ̀nà, ó ya nọ́ńbà fáànù, ojú títì tó tutù, àti ẹnu ráńdábáùtì náà láti ọ̀ọ́kán kí ó lè hàn pé inú lẹ́ẹ̀nì tirẹ̀ ni òun wà. Ó gba orúkọ àti àdírẹ́sì. Òfin ìrìnnà ọdún 1988, abala 170, ló fi dandan lé e pé kí awakọ̀ dúró kó sì sọ nǹkan wọ̀nyí fún ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Bí kò bá sọ ọ́ níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí kíákíá, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 24 lọ. Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fáànù náà, orí ìkànnì askMID ló ti wá a rí pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀.

Ní ti ẹni tó jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Highway Code, ìwé ìlànà ojú pópó, ìlànà 126, ní kí ẹni tó wà lẹ́yìn fi àyè tó tó sílẹ̀ láti dúró bí ti iwájú bá dúró lójijì. Àwáwí pé “òun ló ṣàdédé tẹ bíréèkì” kì í sábà dúró níwájú adájọ́, àfi bí wọ́n bá ní ẹ̀rí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n lè gbá a. Ohun kan tó lè dín owó rẹ̀ kù ni bẹ́líìtì. Láti ìgbà ẹjọ́ Froom v Butcher ní 1975, ẹni tí kò de bẹ́líìtì máa ń pàdánù ìdá 25 nínú 100 bí bẹ́líìtì ìbá ti dènà ìpalára náà pátápátá, àti ìdá 15 bí ìbá kàn ti dín in kù. Arábìnrin yìí de tirẹ̀.

Ọrùn tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀

Nígbà tí fáànù gbá Yaris, àga ọkọ̀ ló kọ́kọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Orí ṣì wà níbi tó wà. Láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdí ọrùn ti ń lọ síwájú nígbà tí òkè rẹ̀ ṣì kù lẹ́yìn, ọrùn sì tẹ̀ bíi lẹ́tà S. Ẹ̀yìn ìyẹn ni orí wá já sẹ́yìn, tó sì fò síwájú. Ohun tí wọ́n ń pè ní whiplash nìyẹn: iṣan àti ẹran tó di ọrùn mú ló fà, kì í ṣe eegun ló ṣẹ́.

Irọ̀rí orí àga ló yẹ kó gba orí dúró kí ó tó jìnnà. Òkè irọ̀rí náà yẹ kó bá àtàrí dọ́gba, kó sì súnmọ́ ẹ̀yìn orí bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Arábìnrin náà ti di irun, ó sì ká a ní kókó ńlá sí ìpàkọ́. Kókó yẹn ti orí rẹ̀ kúrò lára irọ̀rí, àyè tó wà láàárín wọn fẹ̀ tó ìbú ọwọ́. A ò ní kí ẹnikẹ́ni má dirun o, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wakọ̀ lójoojúmọ́ lè ká a sí òkè orí tàbí kí ó jẹ́ kó wálẹ̀ sí ọrùn.

Lójú títì, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe òun. Nígbà tí ó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó fẹ́ bojú wẹ̀yìn kí ó lè fi ọkọ̀ sí àyè rẹ̀ nílé, ọrùn kọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù pé ìrora tó pẹ́ kó tó dé á jọ irọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú ìlànà Canadian C-Spine Rule, èyí tí àwọn dókítà fi ń mọ ẹni tó nílò fọ́tò eegun ọrùn, ìrora tó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àmì pé eegun kò jọ pé ó ṣẹ́. Ohun tó ń da wọn láàmú ni ẹni tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó bí abẹ́rẹ́ tàbí tó kú tipiri, àti ìkọlù tó le, bí ọkọ̀ bá takìtì tàbí tí bọ́ọ̀sì tàbí trélà ló gbá a. Bí kò bá sí ọ̀kankan níbẹ̀, tí ẹni náà sì lè yí ọrùn dé ìwọ̀n 45 sápá ọ̀tún àti òsì, wọn kì í ya fọ́tò.

Ó rí dókítà GP lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n fún un ní oògùn ìrora méjì, £9.65 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí ó máa yí ọrùn díẹ̀díẹ̀, kí ó má sì fi kọ́là kankan dè é. Kọ́là máa ń jẹ́ kí iṣan sùn, ìwòsàn á sì pẹ́. Ọrùn, èjìká àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni ó sọ fún GP. Kò sọ ti orúnkún ọ̀tún tó ti gbá abẹ́ sítíárìn, nítorí ọrùn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu jù lọ́jọ́ náà. Ìgbàgbé yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ná an ní ju £1,500 lọ.

Bọ́ńpà tó tún ara rẹ̀ ṣe

Bí a bá wo Yaris náà láti òkèèrè, ibi tó họ díẹ̀ nìkan ló wà lára rẹ̀. Bọ́ńpà òde òní, rọ́bà ni. Ó máa ń wọlé, a sì tún padà jáde bí ike omi. Inú ẹ̀yìn rẹ̀ ni irin gígùn tó gba ìkọlù wà. Nígbà tí mẹkáníìkì tú bọ́ńpà kúrò, irin náà ti tẹ̀ láàárín, ilẹ̀ búùtù sì ti ká díẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé sípíà táyà sí. Ó ní kí wọ́n ya ibẹ̀ ní fọ́tò kí wọ́n tó tún un ṣe. Fọ́tò yẹn ṣe pàtàkì, torí bí bọ́ńpà bá dán, agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè ní ìkọlù náà kéré jù láti pa ẹnikẹ́ni lára.

Ìnṣọ́ránsì tirẹ̀ ló tún ọkọ̀ ṣe, òun sì san £350 tí ìwé rẹ̀ ní kí ó fi kún un. Owó yẹn ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ̀bi. Àkíyèsí kan fún àwọn tó ń ṣe kíà: ìwé ìnṣọ́ránsì tó sọ pé ìlọ sí ibi iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́kọ̀ wà fún kì í sábà kan lílọ láti ilé arúgbó kan dé òmíràn. Tirẹ̀ ní ààyè iṣẹ́ nínú. Ká ní kò ní, ìnṣọ́ránsì tirẹ̀ lè kọ̀ láti tún ọkọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí fáànù má jẹ̀bi.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹnìkan pè é láti ìnṣọ́ránsì fáànù pẹ̀lú ohùn tútù, ó béèrè bóyá ara le. Wọ́n lè bá a sọ̀rọ̀ àtúnṣe ọkọ̀. Wọn kò lè fún un ní owó ọrùn láìsí ìwé dókítà, nítorí Civil Liability Act 2018 kà á léèwọ̀ láti yanjú ọ̀rọ̀ whiplash kí ìwé dókítà tó wà.

Oṣù ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ẹkún

Fún àgbàlagbà tó wà nínú ọkọ̀, tí owó ìrora rẹ̀ kò bá ju £5,000 lọ, tí gbogbo ohun tó ń béèrè kò sì ju £10,000, orí ìkànnì Official Injury Claim ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ lè ṣe é láìgba lọ́yà. Bí ó bá gba lọ́yà, owó lọ́yà kò ní tọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ̀bi wá. Inú owó gbà-má-bínú rẹ̀ ni yóò ti jáde. Ó kọ fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá, ó sì rántí láti mú orúnkún sí i. Ìnṣọ́ránsì ní ọjọ́ iṣẹ́ 30 láti dáhùn bóyá àwọn gbà pé awakọ̀ wọn jẹ̀bi. Wọ́n gbà ní Oṣù Kejìlá, nítorí náà àwọn ló san owó dókítà tó yàn láti inú àkójọ MedCo, níbi tí orúkọ àwọn dókítà tó ń kọ irú ìwé yìí wà.

Owó ọrùn, ẹ̀yìn àti èjìká kò sí lọ́wọ́ adájọ́ mọ́. Táríìfù ló wà, èyí sì ni ti ìgbà jàǹbá rẹ̀. Bí ìrora kò bá ju oṣù mẹ́ta lọ, £240. Ju mẹ́ta lọ dé mẹ́fà, £495. Ju mẹ́fà lọ dé mẹ́sàn-án, £840. Dé oṣù 12, £1,320. Dé 15, £2,040. Dé 18, £3,005. Dé 24, £4,215. Bí ẹ̀rù ọkọ̀ wíwà tàbí àìróorunsùn díẹ̀ bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ó máa ń fi díẹ̀ lé e: £840 di £895, £495 di £520. Iye oṣù tí dókítà bá kọ, láti ọjọ́ jàǹbá, ló ń sọ ìlà tí èèyàn bọ́ sí.

Ó lọ sọ́dọ̀ dókítà ní 9 Oṣù Kìíní 2024, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 13 lẹ́yìn jàǹbá. Dókítà bi í pé báwo ni ọrùn. Ó dáhùn bí ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé: ó ní ó ti sàn púpọ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Dókítà kò mọ̀ pé ọ̀nà tí a fi ń dáhùn “ṣé àlàáfíà ni” nìyẹn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìrora ọrùn ti tán ní ọ̀sẹ̀ 12, ó sì ní ẹ̀yìn yóò tán ní oṣù márùn-ún. Ìlà £495 nìyẹn.

Kí ìwé yẹn tó dé ọwọ́ ìnṣọ́ránsì, ẹni tó ni ẹjọ́ ló kọ́kọ́ ń kà á láti wò ó bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló wà níbẹ̀. Ibi tí púpọ̀ ti ń tẹ “mo gbà” láìka ojú ìwé kejì nìyí. Òun kà á. Ó ní ìwé kékeré kan tó ti ń kọ nǹkan sí láti ọjọ́ kejì:

“19/10. Mi ò lè gbójú sókè mú ìkòkò lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ibuprofen ẹ̀ẹ̀mejì.”
“24/11. Yí màmá yípo lórí bẹ́ẹ̀dì, èjìká ta. Ọmọ ló wẹ abọ́ fún mi lálẹ́.”
“8/1. Bí mo bá yíjú sápá ọ̀tún, ó ṣì ń fà. Ìrọ̀rí méjì ni mo fi sùn.”

Ó kọ̀wé padà sí dókítà nípa ìlà kan ṣoṣo: òun kò sọ pé ọrùn ti tán, pé ó ti dínkù ni òun sọ, ó ka ohun tí òun kò tíì lè ṣe, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Kò sọ iye oṣù tó yẹ kí dókítà kọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti tún ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ. Èrò dókítà, ti dókítà ni. Dókítà tún ìwé náà kọ, ó ní ọrùn àti ẹ̀yìn yóò gba oṣù mẹ́jọ, orúnkún oṣù márùn-ún, ó sì mẹ́nu ba ẹ̀rù tó ń bà á bí ọkọ̀ bá ti súnmọ́ ọn lẹ́yìn. Ó bọ́ sí £895.

Ẹni tó bá rò pé kí òun kúkú fi oṣù díẹ̀ kún un, kó rántí abala 57 nínú òfin Criminal Justice and Courts Act 2015. Bí adájọ́ bá rí i pé irọ́ gbòógì wà nínú ẹjọ́, gbogbo owó náà ló lè dànù, àti apá tó jẹ́ òótọ́.

Orúnkún

Orúnkún kò sí nínú táríìfù. Òfin sọ pé ọrùn, ẹ̀yìn àti èjìká ni whiplash. Ohun yòókù, bí adájọ́ ṣe máa ń díye lé e látijọ́ ni wọ́n ṣì ń ṣe. Nítorí náà, orúnkún oṣù márùn-ún lè níye lórí ju ọrùn oṣù mẹ́jọ lọ, ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu.

Ìnṣọ́ránsì mọ èyí, wọ́n sì jà á níyàn. Ìdí méjì ni wọ́n mú wá ní Oṣù Kẹrin 2024. Èkíní, ẹni tí wọ́n gbá lẹ́yìn, ẹ̀yìn ló ń lọ, báwo ni orúnkún ṣe gbá nǹkan níwájú? Èkejì, kò sí orúnkún nínú ìwé GP. Inú ìwé físíò (olùwòsàn iṣan àti eegun) ti 6 Oṣù Kọkànlá ló ti kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ní àwọn á fún un ní £500 lórí rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè tán.

Èkíní rọrùn láti dáhùn. Àga máa ń ta èèyàn padà síwájú lẹ́yìn tí ó bá ti tì í sẹ́yìn, bẹ́líìtì a sì di àyà mú nígbà tí ìdí ń yọ̀. Arábìnrin náà kò ga, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ sítíárìn, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì wà lórí bíréèkì.

Èkejì ìbá ti ṣòro. Ohun tó yọ ọ́ ni pé ó ti ya fọ́tò orúnkún náà ní ọjọ́ kejì, ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ìbàdàn lórí WhatsApp. Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn pé kí ó fi Aboniki ra á. Lára awọ dúdú, ojú ibi tí nǹkan ti gbá èèyàn kì í pọ́n. Ó máa ń ṣú ju ibòmíràn lọ, a sì wú, fọ́tò abẹ́ iná yàrá kì í sì fi hàn. Tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ti yà á, orúnkún méjèèjì sì jọ wà nínú fọ́tò kan náà, débi pé ìyàtọ̀ hàn. Fọ́tò tó bá gba WhatsApp kọjá kì í gbé ọjọ́ àti wákàtí tó wà nínú rẹ̀ dání mọ́, nítorí náà ohun méjì ló fi ránṣẹ́: fọ́tò gan-an láti inú fóònù rẹ̀, àti àwòrán ojú ọ̀rọ̀ tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ sọ, tí ọjọ́ 13 Oṣù Kẹwàá wà lórí rẹ̀, Aboniki àti gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbà láti san £2,200 lórí orúnkún.

Ó wá ku bí wọ́n á ṣe ro owó méjèèjì pọ̀. Ìdájọ́ Hassam v Rabot, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà ṣe ní 26 Oṣù Kẹta 2024, ti parí iyàn yìí. Ẹ mú owó táríìfù. Ẹ mú owó ìpalára yòókù bó ṣe yẹ kó jẹ́. Ẹ ro wọ́n pọ̀. Kí ẹ wá wò ó bóyá ìrora kan náà ni ẹ ń sanwó fún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì yọ díẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ohun tó bá kù kò gbọdọ̀ kéré sí owó ìpalára yòókù nìkan. Nínú ẹjọ́ kejì tí wọ́n gbọ́ pọ̀ mọ́ ọn, táríìfù jẹ́ £840, yòókù £3,000. Adájọ́ àkọ́kọ́ gé e sí £2,800, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì gbé e sókè sí £3,500. Ti arábìnrin yìí, £895 àti £2,200 jẹ́ £3,095. Ó fara mọ́ £2,850, torí ìrora ọrùn àti ti orúnkún jọ dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan náà.

Kò fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ó dúró dé àárín Oṣù Kẹfà, tí oṣù mẹ́jọ dókítà pé, kí ó lè mọ̀ bóyá ọrùn á tán lóòótọ́. Bí èèyàn bá ti gba owó, ilẹ̀kùn ti tì. Ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ jàǹbá ló wà láti dé ilé ẹjọ́, kíkọ fọ́ọ̀mù sórí ìkànnì kì í sì dá aago yẹn dúró.

Owó iṣẹ́

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni kò lọ síbi iṣẹ́. Ìwé owó oṣù rẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ 13 ṣáájú jàǹbá fi hàn pé £390 ló ń wọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ lẹ́yìn owó orí. Ọjọ́ méje àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé àìlera ni; láti Oṣù Keje 2022, físíò náà lè fọwọ́ sí i, kì í ṣe dókítà nìkan. Ìwé tirẹ̀ parí ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó kàn tẹ agbanisíṣẹ́ láago ni, kò lọ gba òmíràn. Ìnṣọ́ránsì kò gba ọ̀sẹ̀ yẹn, òun náà kò sì fẹ́ tìtorí rẹ̀ dé ilé ẹjọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní £390 jẹ́ £1,560. Owó àìsàn tí òfin ní kí agbanisíṣẹ́ san jẹ́ £109.40 lọ́sẹ̀ ní ọdún náà, wọn kì í sì san ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nígbà náà, nítorí náà ọjọ́ iṣẹ́ 17 nínú 20 ni wọ́n san: £371.96. Àdánù rẹ̀ jẹ́ £1,188.04. Físíò ìgbà mẹ́fà ní £48, £288, rìsíìtì wà fún gbogbo rẹ̀. Oògùn, £19.30. Owó tó fi kún àtúnṣe ọkọ̀, £350.

Pẹ̀lú £2,850 owó ìrora, gbogbo rẹ̀ jẹ́ £4,695.34. Ó wọ àkáǹtì rẹ̀ ní Oṣù Keje 2024. £390 ọ̀sẹ̀ karùn-ún kò sí nínú rẹ̀.